Kò sẹ́ni tó ní àyè Harvard lọ́wọ́ tí yóò tà fún yín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Houston ni à ń gbé. Ọmọkùnrin mi wà ní kíláàsì kejìlá ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba, ipò 9 ló wà nínú akẹ́kọ̀ọ́ 410. Bàbá kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní òun lè bá a rí ádímíṣọ̀n sí ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì Ivy League mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, àwọn ilé ẹ̀kọ́ ńlá bíi Harvard. $7,500 ni wọ́n ní ká san, ìdajì báyìí, ìdajì tí lẹ́tà bá jáde. Wọ́n ní àwọn mọ èèyàn nínú ilé, àwọn yóò kọ àròkọ rẹ̀ fún un, àwọn yóò sì kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé ó dá ẹgbẹ́ aláàánú kan sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Wọ́n fi lẹ́tà ọmọ méjì tó ti wọlé hàn wá. Wọ́n tún ní kí ó fi Early Decision, ìyẹn fọ́ọ̀mù ìtètè kọ̀wé, sí ilé ẹ̀kọ́ méjì kí ó lè yá. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọkọ mi ń wa ọkọ̀, owó tó ń wọlé fún àwa méjèèjì kò ju $88,000 lọ lọ́dún. Ọmọ náà kì í ṣe nǹkan kan lẹ́yìn ìwé rẹ̀ o, àfi pé ó ń bá wa tọ́jú ìyá ọkọ mi, ó ń ṣe ògbufọ̀ fún wọn ní ọsibítù, ó sì ń dúró ti ìsọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Sátidé. Mo ti san $1,000. Ṣé kí n san èyí tó kù nínú ìdajì náà?

ÌDÁHÙN: Ẹ má san kọ́bọ̀ mọ́.

Irú lẹ́tà yìí ti pọ̀ lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí mo ti ń gba àwọn òbí nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ yunifásítì, inú mi ò sì tíì yéé ru sí i. Ẹ ń bi mí bóyá kí ẹ san ìdajì. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ bi ara wa ni pé, kí ni ọkùnrin yìí ń tà gan-an? Mo yẹ igbá ọjà rẹ̀ wò títí, n ò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí “mo mọ èèyàn nínú ilé”. Fọ́ọ̀mù Common App ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ń lò. Ọmọ á kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, á sì fi ránṣẹ́ sí ibi tó bá wù ú. Èsì rẹ̀ láti kíláàsì kẹsàn-án, lẹ́tà àwọn olùkọ́ rẹ̀, àti ìròyìn tí kansẹ́lọ̀, ìyẹn olùdámọ̀ràn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, kọ nípa rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ló ń fi ìwọ̀nyẹn ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan wà tó ń mójú tó agbègbè yín, òun ló sábà máa ń kọ́kọ́ kà á. Òun náà ló ń ka ti àwọn ọmọ mìíràn tó ń ti ilé ẹ̀kọ́ yín wá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìgbìmọ̀ á jókòó lé e. Ní Harvard, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó kọ̀wé, àwọn tó ń wọlé kì í tó márùn-ún. Ta ni yóò wá jókòó sáàárín ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, tí yóò ya àyè sọ́tọ̀ fún ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀rẹ́ rẹ̀?

Àwọn kan ti gba ẹ̀bùrú rí, n kò ní parọ́ fún yín. Ní oṣù Kẹta ọdún 2019 ni ìjọba Amẹ́ríkà tú àṣírí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Rick Singer. Ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn olówó, ó ń fún àwọn kóòṣì eré ìdárayá ní rìbá kí wọ́n lè pe ọmọ tí kò mọ eré kankan ní eléré, ó sì ń sanwó fún ẹni tó ń tún ìdáhùn ìdánwò SAT, tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì, ṣe. Owó tó gbà lé ní mílíọ̀nù 25 dọ́là. Ní oṣù Kíní ọdún 2023, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ fún un. Felicity Huffman, òṣèré tí ayé mọ̀, san $15,000 kí wọ́n lè tún ìdáhùn ọmọ rẹ̀ ṣe. Òun náà sùn sẹ́wọ̀n. Olówó ni, agbẹjọ́rò ńlá ńlá ló sì dúró tì í. Ẹ̀yin tí láìsẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì ni oúnjẹ yín ńkọ́? Bí bàbá yìí bá mọ èèyàn nínú ilé lóòótọ́, ìwà ọ̀daràn ló ń pè yín sí. Bí kò bá mọ ẹnikẹ́ni, jìbìtì ló ń lù yín. N ò rí ọ̀nà kẹta.

Mo mọ̀ pé lẹ́tà méjì tó fi hàn yín yẹn ló fa ojú yín mọ́ra. Àbúrò mi, ẹ fara balẹ̀ ṣe ìṣirò yìí pẹ̀lú mi. Ká ní ó gba iṣẹ́ ogún ọmọ. Gbogbo wọn ló ń ṣe dáadáa níléèwé, torí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kì í tọ òbí ọmọ tó ń gbé ẹ̀yìn lọ. Méjì nínú wọn wọlé, ọpọlọ wọn ló mú wọn wọlé. Ó ya lẹ́tà àwọn méjèèjì sínú fóònù, ó ń fi kiri. Méjìdínlógún tó kù, ojú ń ti òbí wọn, wọn ò ní là á fún ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àwọn sanwó. Ìdajì tí olúkúlùkù san ṣáájú ti di tirẹ̀. Kò ṣe ju ìyẹn lọ. Àwọn olùdámọ̀ràn aládàáni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí tọkàntọkàn wà o, wọ́n sì ń gbowó. Ṣùgbọ́n IECA, tí í ṣe ẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà, kò fàyè gba ọmọ ẹgbẹ́ láti fọwọ́ sọ̀yà pé ọmọ kan yóò wọlé. Ẹni tó bá ti ṣèlérí ádímíṣọ̀n fún yín, kí ẹ dìde kúrò níwájú rẹ̀.

Àròkọ ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. 650 ọ̀rọ̀ ni Common App gbà, kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ọmọ tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, yóò fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni, pé òótọ́ sì ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n kọ ìjìyà rẹ̀ síbẹ̀ kedere: wọ́n lè gba ádímíṣọ̀n padà, wọ́n lè lé e kúrò, wọ́n lè gba dígíìrì pàápàá lẹ́yìn tó ti jáde. Kí ẹ̀rọ AI bá a kọ ọ́ náà, jìbìtì ni Common App kà á sí. Ta ni yóò fọwọ́ síwèé yìí? Ọmọ yín ni o. Orúkọ bàbá ṣọ́ọ̀ṣì kò sí níbì kankan nínú fọ́ọ̀mù.

Mo ti ka irú àròkọ tí wọ́n ń tà yìí. Ọmọ tí wọ́n bí sí Texas, tí kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ Nàìjíríà rí, ń kọ̀wé pé òun ń pọnmi lódò kí òun tó lọ síléèwé. Lọ́dún kan náà ni mo tún rí odò yẹn àti korobá yẹn nínú àròkọ ọmọ mìíràn, ìlú ọ̀tọ̀, ìdílé ọ̀tọ̀, ajẹ́ńtì kan náà. Àwọn ọmọ méjèèjì ní ìtàn tiwọn tó dùn. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n.

Ẹ wá wo ohun tí ẹ fẹnu ara yín sọ, tí ẹ sì sọ bíi pé kò tó nǹkan: ó ń tọ́jú ìyá àgbà, ó ń ṣe ògbufọ̀ fún wọn níwájú dókítà, ó ń tajà ní Sátidé. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ lè pe ìyẹn ní “kì í ṣe nǹkan kan”. Àyè mẹ́wàá ni Common App fi sílẹ̀ fún ohun tí ọmọ ń ṣe lẹ́yìn kíláàsì, ojúṣe nínú ẹbí sì wà lára ohun tí wọ́n to síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe gbowó. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó ń wá bí òun ṣe máa sọ “ẹ̀jẹ̀ ríru” àti “ìtọ̀ ṣúgà” fún ìyá àgbà kí wọ́n má bàa fòyà, àròkọ wà níbẹ̀. Ẹ fi ẹgbẹ́ aláàánú Ìbàdàn yẹn sílẹ̀. Kansẹ́lọ̀ rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n, olùkọ́ rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n, bí wọ́n bá sì pe iléèwé láti béèrè, irọ́ yẹn yóò ba gbogbo òótọ́ tó wà nínú fáìlì jẹ́. Tí ó bá kọ tirẹ̀ tán, kí ó kà á sí yín létí. Bí ẹ kò bá gbọ́ ohùn ọmọ yín nínú rẹ̀, ẹ ní kó tún un kọ. Ẹ má bá a kọ ọ́.

Early Decision: ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni. Àdéhùn ni, ọmọ, òbí àti kansẹ́lọ̀ ló ń fọwọ́ sí i pé bí wọ́n bá gbà á, ó ti di tibẹ̀. Ẹni tó ní kí ó ṣe é sí méjì kò mọ iṣẹ́ náà rárá. Àwọn òbí tó ń fẹ́ kí ọmọ wọn wọ gbogbo Ivy League mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Láti ìgbà tí Harold Ekeh, ọmọ Nàìjíríà, ti rí ádímíṣọ̀n sí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ní 2015, tí Augusta Uwamanzu-Nna láti ilé ẹ̀kọ́ kan náà ní Elmont, New York, tún rí i ní 2016, ni àwọn òbí wa ti sọ ọ́ di ìdíje. Ẹyọ kan lọmọ yóò lọ. Kí ó yan èyí tó ní iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́.

Ohun tí ẹ kò rí rèé o. Ipò 9 nínú 410! Òfin Texas wà láti 1997 tó ń fún àwọn ọmọ tó ń ṣíwájú ní ilé ẹ̀kọ́ girama láyè ní yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ náà láìjẹ́ pé wọ́n ń bẹ ẹnikẹ́ni. Ní yunifásítì Texas (UT) tó wà ní Austin, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tó ṣíwájú ni ó kàn fún àwọn tó ń wọlé láti 2026. Nínú ọmọ 410, ìyẹn jẹ́ ipò 20 sókè. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá jẹ́rìí sí ipò rẹ̀, tí ó sì kọ fọ́ọ̀mù kó tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, àyè rẹ̀ wà nílẹ̀. Àyè yunifásítì ni mo wí o. Ẹ̀ka bíi ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ní ìdíje tirẹ̀. Láti 2025, àwọn yunifásítì ẹgbẹ́ UT ti sọ pé ọmọ Texas tí owó ẹbí rẹ̀ kò ju $100,000 lọ kò ní san owó ẹ̀kọ́, bí ó bá pé àwọn ìlànà yòókù. Harvard pẹ̀lú ti gbé gbèdéke owó tirẹ̀ ga láti 2025: ẹbí tí owó rẹ̀ kò ju $100,000 lọ, tí dúkìá wọn sì mọ níwọ̀n, kì í san owó ẹ̀kọ́, ibùgbé tàbí oúnjẹ. Nítorí náà kí ó gbìyànjú ibẹ̀ náà, pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀. Lórí ìkànnì yunifásítì kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀rọ ìṣirò kan wà, Net Price Calculator. Ẹ fi iye owó yín sí i, yóò sọ iye tí ẹ máa san fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Iṣẹ́ tiyín nìyí, mà: ìwé owó. FAFSA ni fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀, CSS Profile ni ọ̀pọ̀ yunifásítì aládàáni tún ń béèrè, ọ̀fẹ́ sì ni CSS fún ẹbí tí owó rẹ̀ kò ju $100,000 lọ. Ìwé owó orí yín ti ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n ń wò. Ilé tí ẹ ń kọ́ sí Nàìjíríà, ẹ má fi pamọ́, dúkìá ni. Owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù, CSS ní àyè tí ẹ ti lè ṣàlàyé rẹ̀; àwọn ọ́fíìsì kan máa ń rò ó mọ́ ọn, àwọn mìíràn kì í rò ó. Àkáǹtì StudentAid tí ẹ máa fi kọ FAFSA, olúkúlùkù ló ń dá tirẹ̀ ṣí, torí ìbọwọ́lùwé yín ni. Bí bàbá yẹn bá ti gba páswọ̀ọ̀dù tàbí nọ́ńbà Social Security yín, ẹ yí páswọ̀ọ̀dù padà lónìí, kí ẹ sì ti fáìlì gbèsè yín pa, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi orúkọ yín yáwó, lọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè, Equifax, Experian àti TransUnion. Ọ̀fẹ́ ni.

N kò tíì rí èsì ọmọ náà. Lẹ́tà yín ni mo gbé ọ̀rọ̀ mi lé, iye owó àti gbèdéke sì máa ń yí padà, nítorí náà ẹ ka ojú ìwé yunifásítì fúnra yín. Tí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú bá wà nínú rẹ̀, agbẹjọ́rò ni kí ẹ bi. Ní ti $1,000, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ránṣẹ́ sí i pé ẹ fẹ́ gbà á padà. Bí ó bá jẹ́ káàdì lẹ fi san án, ẹ pe báńkì yín. Bí ó bá sì ṣagídí, ẹ fi ẹjọ́ sùn FTC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà àwọn oníbàárà. Kí ọmọ náà lọ bá kansẹ́lọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, kí ó ní kí wọ́n tẹ ìwé ipò rẹ̀ fún òun.