Ọjọ́ Ìbí Ọmọ Mi Ń Bọ̀, Ilé Onílé Ló Wà ní Jámánì

ÌBÉÈRÈ

Olóòtú mi ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ń gbé, aṣọ ni mo sì ń tà ní ọjà Òkè-Ajé. Àbígbẹ̀yìn mi obìnrin wà ní ìlú kékeré kan lẹ́bàá Hannover, lórílẹ̀-èdè Jámánì, láti oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá. Ètò tí wọ́n ń pè ní au pair ló bá lọ: ó ń gbé lọ́dọ̀ tọkọtaya kan tó bí ọmọ méjì, ó ń bá wọn tọ́jú àwọn ọmọ náà, ó sì ń lọ kọ́ èdè wọn.

Ọmọ mi yóò pé ọdún 20 ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹfà tó ń bọ̀ yìí. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn onílé rẹ̀ kò tíì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ ọjọ́ náà, nítorí ìyá ilé ti kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà tí wọ́n fi kọ́ sílé ìdáná. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fi ohùn ránṣẹ́ sí obìnrin náà lórí WhatsApp pé mo bá wọn yọ̀ ṣáájú. Nígbà tí ọmọ mi túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó ní ojú obìnrin náà yí padà, ó sì yára fi ọ̀rọ̀ mìíràn bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ mi ti ń sunkún sí mi létí pé wọn kò ka òun sí.

Nílé wa, gbogbo wa la máa ń jí ní aago 12 òru, tí a óò kọrin, tí a óò sì gbàdúrà lé ẹni tó ń ṣọjọ́ ìbí lórí. Ṣé kí n pe obìnrin náà kí n bẹ̀ ẹ́? Ṣé kí n fi oúnjẹ ránṣẹ́ ni, àbí kí ọmọ mi kúkú gbàgbé ọjọ́ ìbí tọdún yìí?

Ìyá Àbígbẹ̀yìn, Ìjẹ̀bú-Òde

ÌDÁHÙN

Màmá wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ sì bá mi rẹ ọmọ náà lẹ́kún. Ó dá mi lójú pé àwọn ará ilé náà ń dúró de ohun tí yóò ti ẹnu òun fúnra rẹ̀ jáde ni.

Ní Jámánì, ẹni tó ń ṣọjọ́ ìbí ni olóde. Òun ló ń pe èèyàn, òun ló ń gbé kéèkì lọ síbi iṣẹ́ tàbí kíláàsì, òun náà ló sì ń sọ bí ó ṣe fẹ́ kí ọjọ́ náà rí. Bí kò bá pe ẹnikẹ́ni, wọn yóò gbà pé ó fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀, wọ́n á sì bọ̀wọ̀ fún un nípa àìdá sí i.

Àìmọ̀ yìí jẹ èmi náà níyà. Ọmọ Ìperu Rẹ́mọ ni mí. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 22, mo gbé lọ́dọ̀ ìdílé kan ní gúúsù Jámánì fún ọdún kan gbáko. Láàárọ̀ ọjọ́ ìbí mi, bàbá ilé bọ̀ mí lọ́wọ́, ìyá ilé fún mi ní òdòdó, oníkálukú sì bá tirẹ̀ lọ. Mo padà sí yàrá, mo wọ ìró àti bùbá léèsì tí ìyá mi rán fún mi kí n tó kúrò nílé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń retí kí wọ́n wá pè mí. Nígbà tó di aago 3 ọ̀sán, ìyá ilé kan ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́, ó ní òun ti tẹ́ tábìlì, òun sì ti po kọfí, ó wá béèrè irú kéèkì tí mo ṣe. N kò ṣe kéèkì kankan. Ojú ti àwa méjèèjì. Ó wá bisikíìtì jáde, a jẹ ẹ́ láìsọ̀rọ̀. Ó tó oṣù mélòó kan kí ó tó yé mi pé bí mo ṣe ń retí rẹ̀ láti àárọ̀ ni òun náà ń retí mi.

Bí ẹ bá sì rò ó wò, àṣà náà kò jìnnà sí tiwa. Nígbà tí ọmọ bá ń ṣọjọ́ ìbí nílé ìwé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ṣebí ìyá rẹ̀ ló ń gbé kéèkì àti súwíìtì lọ fún gbogbo kíláàsì? Ẹni tí inú rẹ̀ dùn náà ló ń se sàárà tí a ń gbé kárí àdúgbò. Ohun tó yàtọ̀ ni pé lọ́dọ̀ wa, ìyá, ẹ̀gbọ́n àti ọ̀rẹ́ ló ń bá olọ́jọ́ ìbí gbé ẹrù náà, tó fi jẹ́ pé ó lè má mọ̀ pé òun ni olóde. Ọmọ yín kò ní ẹ̀gbọ́n lọ́hùn-ún, nítorí náà òun ni yóò la ẹnu.

Ní ti ojú tó yí padà, ẹ má bínú sí obìnrin náà. Ọ̀pọ̀ ará Jámánì gbà pé kíkí èèyàn kú ọjọ́ ìbí kí ọjọ́ náà tó pé a máa fa oríburúkú wá fún un. Ó bẹ̀rù fún ọmọ yín ni. Àwa náà kì í sọ ọmọ lórúkọ kí ọjọ́ kẹjọ tó pé. Ẹ sọ fún ẹbí àti ọ̀rẹ́ níbí pé kí wọ́n má ṣe kí i títí ọjọ́ yóò fi pé.

Kí ọmọ yín bá ìyá ilé jókòó láìpẹ́, ó kéré tán ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Kí ó sọ pé òun fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí òun, kí ó tọrọ ilé ìdáná fún ọjọ́ Sátidé, kí ó sì béèrè bóyá òun lè pe ọ̀rẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin wá jẹ kéèkì ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, nítorí ọ̀sán, ní nǹkan bí aago 3 sí 4, ni wọ́n máa ń jókòó ti kọfí àti kéèkì. Kí ó béèrè nípa iṣẹ́ pẹ̀lú: ọjọ́ kan àtààbọ̀ lọ́sẹ̀ ni ìsinmi au pair níbẹ̀, ó sì lè bẹ̀ wọ́n kí ọjọ́ Àìkú náà bọ́ sínú rẹ̀. Kí ó ra gbogbo ohun tó bá fẹ́ ní Sátidé, torí pé ọ̀pọ̀ jù lọ ìsọ̀ ni kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú.

Mo fẹ́ kí ó se ìkọ́kọrẹ́ fún wọn. Kò sí ẹ̀bùn tó lè fi hàn wọ́n bẹ́ẹ̀ pé ilé rere ló ti wá. Kí ó dín ata kù nítorí àwọn ọmọ, kí ó sì kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá ẹja tàbí edé kò bá ẹnikẹ́ni lára mu. Ẹ má fi ewùrà tútù rán ẹnikẹ́ni tó ń lọ, nítorí wọn yóò béèrè ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn ní pápákọ̀ òfurufú. Ẹ má fi ẹran tàbí ohun tí a fi wàrà ṣe ránṣẹ́ rárá, òfin àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kò gbà á. Ẹja gbígbẹ lè wọlé, bí kò bá ti ju kílò 20 lọ fún ẹnì kan. Yóò rí ewùrà rà ní ìsọ̀ àwọn ará Áfíríkà tó wà ní Hannover. Bí ẹ bá rí ẹni fi gàrí Ìjẹ̀bú rán, ẹ̀bà tútù ni kí ó fi jẹ ìyókù lọ́jọ́ kejì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un pé kí ó kó wọn lọ sílé oúnjẹ. Lédè wọn, ẹni tó bá ní òun pe èèyàn síbẹ̀ ti sọ pé òun ni yóò san owó gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ yúrò 280 lóṣù ni owó àpò au pair.

Ẹ tún fiyè sí àdúrà òru yín. Nínú oṣù kẹfà, aago Jámánì fi wákàtí kan ṣáájú tiwa. Aago 12 òru Ìjẹ̀bú-Òde ti di aago 1 lọ́dọ̀ wọn, gbogbo ilé á sì ti sùn. Láti aago 10 alẹ́ sí aago 6 àárọ̀, wọn kì í fẹ́ ariwo rárá. Ẹ pè é ní aago 11 alẹ́ Sátidé tiyín, kí ó fi ohun ìgbọ́rọ̀ sétí, kí ẹ̀yin máa kọrin níhìn-ín, kí òun máa ṣe àmín wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá fún un ní ẹ̀bùn láàárọ̀, kí ó má gbé e pamọ́ bí a ti máa ń ṣe. Ojú wọn ni kí ó ti tú u, nítorí wọ́n fẹ́ rí ayọ̀ rẹ̀.

Ní ti pípe obìnrin náà láti bẹ̀ ẹ́, ẹ má ṣe é. Ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ wá fi ohùn ránṣẹ́ sí i, kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó bá yín tọ́jú ọmọ.