Kí ló dé tí gbogbo ojú gíláàsì mi ń tàn?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Kétu ni mí, Àjàṣẹ́ ni mo ti ń kàwé. Mo ń fi ìmọ́lẹ̀ UV, tí ojú kì í rí, àti màsíkì, àwo tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá ní ibi tí a bá fẹ́ nìkan, to purotéènì sójú lámù onígíláàsì pẹlẹbẹ. Àwọn àmì kéékèèké náà yọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àyíká wọn náà ń tàn. Ṣé kí n dín àkókò ìmọ́lẹ̀ kù ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ náà. Má tíì fọwọ́ kan àkókò ìmọ́lẹ̀ o. Bóyá ìmọ́lẹ̀ ló dé ibi tí a kò rán an, bóyá purotéènì ló kàn lẹ̀ mọ́ gíláàsì láìdúró de ìmọ́lẹ̀. Bí o bá dín àkókò kù kí o tó mọ èwo ni, àwọn àmì tí o fẹ́ gan-an ló máa ṣá.

Mú lámù kan, kí o fi fọ́ìlì wé e láti ìgbà tí o bá ti fi kẹ́míkà tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣí bò ó, kó má rí iná rárá. Da purotéènì aláwọ̀ títàn sí i bí o ṣe ń dà á sí àwọn yòókù, kí o fọ̀ ọ́, kí o wò ó. Tó bá ṣókùnkùn, ìmọ́lẹ̀ ni kí o bá wí. Tí òun náà bá ń tàn, ìmọ́lẹ̀ kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Fi òmíràn tí o kò da purotéènì sí tì í, torí kẹ́míkà mìíràn a máa tàn fúnra rẹ̀.

Ilẹ̀, ìyẹn àyíká àwọn àmì náà, ni mo fura sí jù. O mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ: ibi tí wọ́n bá fi ẹ̀kọ kùn, aró kì í wọ ibẹ̀. PEG, kẹ́míkà tí a fi ń bo gíláàsì, ni ẹ̀kọ tiwa. Omi ló máa ń fà mọ́ra, purotéènì kì í sì rí ibi dì mú lára rẹ̀. Tí kò bá kárí, aró á wọ ibi tí kò yẹ. Tó bá jẹ́ biotin àti streptavidin, àwọn méjì tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara wọn gan-an, lo ń lò, fi BSA (purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ màlúù) bo ilẹ̀ kí o tó da streptavidin. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé purotéènì fúnra rẹ̀ ni yóò so mọ́ kẹ́míkà tí ìmọ́lẹ̀ ṣí, má jẹ́ kí BSA ṣáájú rẹ̀: yóò gba ipò rẹ̀.

Tó bá jẹ́ ìmọ́lẹ̀ ni, wo etí àwọn àmì náà dáadáa. Tí wọ́n bá mú ní apá kan lámù, tí wọ́n sì rú ní apá kejì bíi tàdáwà lórí ìwé tútù, màsíkì ló gbé apá kan sókè. Hóró eruku kan tó fún un, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ojú màsíkì tó ní chrome, irin tó ń dí ìmọ́lẹ̀, ni kó kọjú sí lámù, kó sì fara kàn án.

Ìmọ́lẹ̀ 365 nm (nánómítà, ìwọ̀n ìgbì ìmọ́lẹ̀) ni kí o máa lò, kì í ṣe 254, tó máa ń ba purotéènì jẹ́. Kọ́kọ́ tan ìmọ́lẹ̀ ná, kí o tó da purotéènì. Irú ètò yìí ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Stephen Fodor àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1991, nígbà tí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oríṣi peptide (ègé kékeré bíi ti purotéènì) 1,024 sójú gíláàsì: kẹ́míkà tó wà ní títì, ìmọ́lẹ̀ ló ń ṣí i.

Oòrùn náà sì lè ṣí i. 365 nm wà nínú rẹ̀, gíláàsì fèrèsé kò sì dá a dúró. Bí tábìlì rẹ bá wà lẹ́bàá fèrèsé, gbé e kúrò níbẹ̀ lónìí, kí o máa fi iná aláwọ̀ ìyeyè ṣiṣẹ́.