Wọ́n ní kí ọmọ mi ní káàdì owó orí ní Àbújá

Ìbéèrè

Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi lókè òkun, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ìyá Ìfẹ́olúwa ni mí, Hamburg ní Jámánì ni mo ń gbé. Kubwa ní Àbújá ni mo bí Ìfẹ́olúwa sí kí n tó wá síbí. Ó ti pé ọdún mẹ́fà, ọ̀dọ̀ ìyá mi ló ṣì wà títí a ó fi rí ìwé rẹ̀ ṣe tán. Mo fẹ́ ṣí àkáǹtì fún un kí n máa fi díẹ̀díẹ̀ síbẹ̀. Màmá dé báǹkì, wọ́n ní kí wọ́n mú nọ́ńbà owó orí wá. Bí wọ́n ṣe ń jáde, ọkùnrin kan tó jókòó síta ní òfin tuntun ti dé, pé ọmọdé pàápàá gbọ́dọ̀ ní káàdì owó orí tirẹ̀, òun á sì bá wọn ṣe é tí wọ́n bá lè san owó.

Ǹ bá ti pe ọkùnrin yẹn ní oníjìbìtì, àmọ́ ti àbúrò Ìfẹ́olúwa tí mo bí síbí ló ń rú mi lójú. Kò pẹ́ tí a forúkọ ọmọ yẹn sílẹ̀ tí lẹ́tà ìjọba fi bá wa nílé, nọ́ńbà owó orí rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, òun náà ni wọ́n sì béèrè kí wọ́n tó máa san owó ọmọ fún wa. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló ti rí nílé báyìí? Níbo ni wọ́n ti ń gba káàdì náà ní Àbújá, ṣé Màmá sì lè bá mi gbà á? Ìwé tí ọsibítù fún wa nígbà tí mo bí i ló wà lọ́wọ́ wa. Ifeoluwa ni wọ́n kọ síbẹ̀, àmọ́ Ife Oluwa ni iléèwé ń kọ.

Ìdáhùn

Ìyá Ìfẹ́, ẹ kú àárò ọmọ. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ fojú kan ara yín láìpẹ́. Bàbá Tòmíwá ni mí, láti Calgary ní Kánádà. Ọ̀dọ̀ àǹtí mi ní Nyanya ni Tòmíwá wà kí àwa náà tó rí i mú wá, nítorí náà ọ̀rọ̀ yín kò ṣàjèjì sí mi.

Ẹ sọ fún Màmá kí wọ́n má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kò sí káàdì kankan tí ẹnì kan fẹ́ gbà. Àwọn òfin tí gbogbo èèyàn ń pariwo ni Nigeria Tax Act àti Nigeria Tax Administration Act. Oṣù kẹfà ọdún 2025 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí wọn, ọjọ́ kìíní ọdún 2026 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òótọ́ ni pé ó wà nínú òfin náà pé ẹni tí owó ń wọlé fún láti inú iṣẹ́ tàbí òwò gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà owó orí tí yóò máa lò ní báǹkì. Ibẹ̀ ni ìpayà ti bẹ̀rẹ̀, títí tí Taiwo Oyedele tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ àtúnṣe owó orí nígbà náà fi jáde wá ṣàlàyé pé kò kan akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹni tí òbí ṣì ń bọ́, tí owó kankan kò wọlé fún. Ẹni tó sì kàn, NIN rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ló ń ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi nọ́ńbà owó orí. Àwọn ilé iṣẹ́ ló ń lo nọ́ńbà tí CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, fún wọn. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń lọ iléèwé ní Kubwa, owó orí kí ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀?

Kí wá ni báǹkì ń béèrè? Nọ́ńbà tiyín ni. Àkáǹtì ọmọdé ní Nàìjíríà, àgbàlagbà ló ń dì í mú títí ọmọ fi máa dàgbà. BVN àgbàlagbà yẹn, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ ní báǹkì, ni wọ́n ń lò, NIN rẹ̀ ni wọ́n ń lò, òun ló sì ń fọwọ́ sí i. Ìwé ìbí àti fọ́tò ni wọ́n ń gbà ní ti ọmọ. Ó ṣeé ṣe kí òṣìṣẹ́ tó dá Màmá lóhùn má ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, tàbí kó kàn ka ohun tó wà lórí fọ́ọ̀mù jáde. Ẹ jẹ́ kí Màmá padà lọ bá ọ̀gá tó wà nídìí àkáǹtì, kì í ṣe ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ ṣí i ní orúkọ Màmá o, bó ti wù kí ọkàn yín balẹ̀ sí wọn tó. Tí àgbàlagbà bá ṣàìsàn, tàbí tí ọlọ́jọ́ bá dé, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Hamburg lẹ máa wá máa bẹ báǹkì nítorí owó tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kó jọ. Ẹ ṣí i ní orúkọ ara yín. Tí ẹ kò bá ní BVN, CBN, báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, àti NIBSS, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó BVN, ti gbé ètò kan kalẹ̀ ní ọdún 2025 fún àwa tí a wà lẹ́yìn odi, a kò ní láti wọkọ̀ òfuurufú nítorí ìka ọwọ́ mọ́. Nǹkan bíi 50 dọ́là ni wọ́n ń gbà.

Ní ti lẹ́tà tó ń bá yín nílé ní Jámánì, ìjọba ibẹ̀ ló ń ti ọ́fíìsì kan fi orúkọ ọmọ ránṣẹ́ sí èkejì. Ti Kánádà níbí, èmi fúnra mi ni mo kọ̀wé béèrè nọ́ńbà fún àbúrò Tòmíwá kí n tó lè ṣí àkáǹtì owó iléèwé rẹ̀. Nílé, ẹ̀yin lẹ máa gbé ẹsẹ̀. NIN ọmọ náà ló yẹ kí ẹ lépa, kì í ṣe nítorí owó orí, nítorí ìwé ìrìnnà ni. Láìsí NIN, wọn kò ní ṣe ìwé ìrìnnà Nàìjíríà fún ọmọdé, láìsí ìwé ìrìnnà, kò sí físà. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ orúkọ tí ẹ mẹ́nu bà ní ìparí lẹ́tà yín ká mi lára ju ti báǹkì lọ.

Ìwé tí ọsibítù fún yín kì í ṣe ìwé ìbí. Ẹ̀rí ni, ẹ má sọ ọ́ nù, àmọ́ NPC, àjọ tó ń ka iye èèyàn, ló ń fúnni ní ìwé ìbí. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn alábọ́dé àti ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Abẹ́ Bwari ni Kubwa wà, nítorí náà kí Màmá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ náà. Kí wọ́n mú ìwé ọsibítù àti káàdì abẹ́rẹ́ dání. Ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18.

Kí wọ́n tó kọ lẹ́tà kan síbẹ̀, ẹ pinnu bí ẹ ṣe fẹ́ kọ orúkọ náà. Ifeoluwa, kó lẹ̀ mọ́ra, ni mo máa mú, torí bẹ́ẹ̀ ló ti wà nínú ìwé tó pẹ́ jù lọ. Kí Màmá lọ bá ọ̀gá iléèwé kó tún tiwọn ṣe kí sáà tó parí. Ẹ má fojú kékeré wo àlàfo kékeré yẹn. Àwọn ará Jámánì kì í wo ìwé ìbí Nàìjíríà lójú kí wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń ní kí agbẹjọ́rò lọ wádìí rẹ̀ nílé, ẹni yẹn sì lè dé ọsibítù, kó dé iléèwé, kó dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà. Tí ó bá bá Ifeoluwa níbì kan, tó bá Ife Oluwa níbòmíràn, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí i.

Lọ́jọ́ tí àǹtí mi mú Tòmíwá lọ gba NIN, ọmọkùnrin Hausa kan ló wà nídìí kọ̀ǹpútà. Ọmọ pẹ̀lẹ́ ni, ó ń pe àǹtí mi ní Mama. Ó béèrè orúkọ, àǹtí mi dáhùn pé Olúwatómiwá. Ó tẹ Oluwa síbi orúkọ àkọ́kọ́, ó tẹ Tomiwa síbi orúkọ àárín. Kò sí ìjà níbẹ̀, bó ṣe gbọ́ ọ ló tẹ̀ ẹ́. Àǹtí mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ní kó dákun yí ojú kọ̀ǹpútà sí òun. Wọ́n wọ awò, wọ́n fi ìka tẹ̀ lé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ní kó pa àlàfo yẹn rẹ́ kó tó fi í ránṣẹ́. Kí Màmá náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi lẹ́tà gàdàgbà kọ orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti orúkọ bàbá rẹ̀ sórí bébà, kí wọ́n nà án sí òṣìṣẹ́ náà dípò kí wọ́n máa pè é. Tí aṣìṣe bá wọlé, owó ni. Ọjọ́ ìbí nìkan, 28,574 náírà ni NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, ń gbà láti ọdún 2025 kí wọ́n tó tún un ṣe.

Wọ́n á tún béèrè ìpínlẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa tó bímọ sí òkè Ọya máa ń ṣi èyí gbọ́. Àbújá ni ibi tí wọ́n bí i sí, àmọ́ tí bàbá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́ ni ìpínlẹ̀ rẹ̀. Àpótí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Màmá lè mú un lọ. Ohun tí NIMC ń fẹ́ ni NIN òbí tàbí alágbàtọ́ tí wọn yóò so ti ọmọ mọ́. Tiyín ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n lò, kí ẹ sì kọ lẹ́tà àṣẹ fún Màmá, kí wọ́n mú ẹ̀dà ojú ìwé ìrìnnà yín dání. Tí ẹ̀yin fúnra yín kò bá ní NIN, NIMC ní àwọn tó ń bá a forúkọ sílẹ̀ ní Yúróòpù, wọ́n ń gbowó níbẹ̀. Nílé, ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀. Fọ́tò ni wọ́n máa yà fún Ìfẹ́. Tó bá pé ọdún 16 ni yóò padà wá tẹ ìka. Kí Màmá tètè jí lọ, torí ọ̀sán ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń ya aláìgbọràn. Tòmíwá kò jẹ́ kojú sí kámẹ́rà, àfi ìgbà tí àǹtí mi lọ dúró sẹ́yìn ẹni tó ń ya fọ́tò tí wọ́n ń pe oríkì rẹ̀.

Tí nọ́ńbà náà bá jáde, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa pín ìwé rẹ̀ kiri lórí WhatsApp ẹbí. Kí Màmá ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín nìkan, kí wọ́n tọ́jú ti ọwọ́ wọn.

Ẹ kò béèrè, àmọ́ ó máa tó kàn yín: owó tí ẹ bá ń fi ránṣẹ́ láti Hamburg sínú àkáǹtì náà, ẹ̀bùn ni, kì í ṣe owó tó wọlé fún ọmọ láti inú òwò. Tí ẹ bá wá fi ra ìpín nínú ilé iṣẹ́ kan fún un lọ́jọ́ iwájú, ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló máa yọ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún èrè náà fún ìjọba kó tó san ìyókù. Nígbà yẹn, NIN rẹ̀ á ti wà nílẹ̀.

Ẹ bá wa kí Màmá àti Ìfẹ́ o.