Ẹ Bi Wá Nípa Kọ̀ǹpútà: Nígbà Tí Àmì Ojú Ẹ̀rọ Bá Di Bébà Funfun

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí FUTA ní Àkúrẹ́, níbi tí mo ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ wọn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, iná ọba lọ lójijì nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, UPS mi kò sì gbé e dúró. Nígbà tí mo tan kọ̀ǹpútà padà, Windows 10 ló wà lórí rẹ̀, àwọn àmì tí mo fi ń ṣí Word, Excel àti CorelDRAW ti di bébà funfun lásán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì ń ṣí tí mo bá tẹ̀ wọ́n. Ẹni tó ń bá wa tún ẹ̀rọ ṣe ní àfi kí òun pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́, kí òun sì fi Windows tuntun sí i. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni?
Ìyá Ìbejì, Àkúrẹ́

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa ohunkóhun rẹ́. Ohun tí ẹ sọ pé àwọn àmì náà ṣì ń ṣí ló ṣe pàtàkì jù nínú lẹ́tà yín, nítorí ó fi hàn pé kò sí ohun tó ṣe Word àti àwọn yòókù, àwòrán wọn nìkan ló sọnù.

Àmì tí ẹ ń rí yẹn kì í ṣe Word fúnra rẹ̀. Ọ̀nà àbùjá ni, fáìlì kékeré tí orúkọ rẹ̀ parí sí .lnk, tó kàn ń tọ́ka sí ibi tí Word wà. Ọfà kékeré tó wà ní igun ìsàlẹ̀ rẹ̀ lápá òsì ni a fi ń dá a mọ̀. Kí Windows má baà máa wá àwòrán kọ̀ọ̀kan kiri ní gbogbo ìgbà, ó máa ń kó ẹ̀dà wọn pa mọ́ sínú àwọn fáìlì kan tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iconcache. Bí iná bá lọ nígbà tó ń kọ nǹkan sínú wọn, wọ́n lè bàjẹ́, Windows yóò sì máa fi bébà funfun dípò àwòrán tí kò rí mọ́. Ìdí nìyí tí bọ́tìnnì F5, èyí tó ń tún ojú ẹ̀rọ fi hàn, tí gbogbo èèyàn máa ń sáré tẹ̀ kì í fi í sábà ràn án.

Ẹ kọ́kọ́ kọ cmd sí ibi ìṣàwárí nísàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ, kí ẹ tẹ Enter. Nínú fèrèsé dúdú tó bá ṣí, ẹ kọ èyí, kí ẹ tún tẹ Enter:

ie4uinit.exe -show

Bí àwọn àwòrán bá padà, ó parí nìyẹn. Bí wọn kò bá padà, ẹ tọ́jú gbogbo iṣẹ́ tó wà ní ṣíṣí, kí ẹ wá kọ ìlà mẹ́rin yìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan:

taskkill /f /im explorer.exe
cd /d %localappdata%\Microsoft\Windows\Explorer
del /a iconcache*
start explorer.exe

Lẹ́yìn ìlà àkọ́kọ́, gbogbo ojú ẹ̀rọ yóò ṣófo. Ẹ má fòyà, ẹ má sì pa fèrèsé dúdú náà dé, nítorí ìlà kẹrin ni yóò dá ohun gbogbo padà. Níbi ìlà kẹta, ẹ má fi ààyè kankan sáàárín iconcache àti ìràwọ̀ tó tẹ̀ lé e, torí ìràwọ̀ tó bá dá dúró túmọ̀ sí gbogbo fáìlì tó wà nínú fódà náà. Windows yóò tún fáìlì àwòrán tuntun ṣe fúnra rẹ̀.

Bí ó bá ku ẹyọ kan tó ṣì funfun, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbé fáìlì tó ti ń mú àwòrán rẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún mouse tẹ̀ ẹ́, kí ẹ yan Properties, lẹ́yìn náà Change Icon.

Nítorí irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: bí ẹ bá rí i tí àwọn fódà inú flash akẹ́kọ̀ọ́ kan ti di ọ̀nà àbùjá ọlọ́fà, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwòrán rárá. Fáírọ́ọ̀sì ló sábà máa ń fa èyí, tó ti fi fáìlì gidi pa mọ́. Ẹ má tẹ̀ wọ́n o. Ẹ jẹ́ kí Microsoft Defender, ètò inú Windows tó ń gbógun ti fáírọ́ọ̀sì (Windows Defender ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀), yẹ flash náà wò ná.

Ìbéèrè: Gbogbo àmì ojú kọ̀ǹpútà mi ló pòórá lẹ́yìn tí ọmọ-ọmọ mi fi ṣeré. Kí ni kí n ṣe?
Olùkọ́-fẹ̀yìntì, Oǹdó

Ìdáhùn: Bàbá, ó jọ pé wọ́n kàn wà ní ìpamọ́ ni. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún mouse tẹ ojú ẹ̀rọ níbi tó ṣófo, ẹ lọ sí View, kí ẹ sì tẹ Show desktop icons. Bí ẹ bá rí i pé ọmọ náà ti sọ wọ́n di ńlá bí abọ́, ẹ di Ctrl mú, kí ẹ yí táyà kékeré orí mouse títí wọn yóò fi rí bí ẹ ṣe fẹ́.