Bí wọ́n ṣe máa mọ fọ́tò yín láìtíì rí lógò

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Fọ́tò àti fídíò ìgbéyàwó ni èmi àti ẹnì kejì mi ń yà. Kámẹ́rà wa dára, a sì ń ríṣẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé iṣẹ́ wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn ẹlòmíì lórí Instagram, bákan náà ni gbogbo rẹ̀ rí. Ẹni tó bá pè wá, iye tí a máa gbà ló kọ́kọ́ ń bèèrè. A ti pààrọ̀ lógò, a ti ra preset (ètò àwọ̀ tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, tí à ń tẹ̀ mọ́ fọ́tò) olówó gọbọi, kò sí ìyàtọ̀. Ọpọlọ mi gan-an ti ń gbẹ: ohun tí mo yà lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo tún ń yà lọ́sẹ̀ yìí. Báwo ni a ṣe lè ní ìdánimọ̀ tiwa, ibo ni a sì ti lè rí ìmísí tuntun?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ìbéèrè méjì lo kọ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá. Ẹni tí kò tíì mọ ohun tí ojú òun máa ń wá kiri níbi ìgbéyàwó, kò sí lógò tó lè bá a sọ ọ́ fún aráyé. Tó bá sì jáde lọ wá ìmísí, iṣẹ́ ẹlòmíì ló máa gbé wálé. Ẹ fi lógò sílẹ̀ ná. Èyí tí ẹ ní lọ́wọ́ ti tó ẹ lò. Ọ̀rọ̀ preset yẹn náà, n kò ní fà á gùn: ẹni tó tà á fún yín ti tà á fún àìmọye èèyàn, kálukú wọn ló sì rò pé òun ti rí àwọ̀ tó máa ya òun sọ́tọ̀.

Inú háàdì díìsì yín ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí ìgbéyàwó mẹ́wàá tí ẹ yà kẹ́yìn, kí ẹ mú fọ́tò mẹ́ta mẹ́ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má wo èyí tí oníbàárà fẹ́ràn, ẹ má sì wo èyí tí wọ́n fi ọkàn pupa sí lábẹ́ jù. Èyí tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ pa gbogbo yòókù rẹ́, ẹ ò ní gbà kí wọ́n fọwọ́ kàn án, òun ni kẹ́ ẹ mú. Kí kálukú yín dá tirẹ̀ mú kí ẹ tó jọ wò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ to ọgbọ̀n fọ́tò kálukú sójú kan, kí ẹ jókòó tì wọ́n. Báwo lẹ ṣe súnmọ́ ẹni tí ẹ yà tó? Ṣé fèrèsé ni ìmọ́lẹ̀ ti wọlé, àbí fláàṣì ni? Ojú ni, àbí ọwọ́? Ṣé ẹni yẹn mọ̀ pé ẹ ń ya òun?

Ó lè yà yín lẹ́nu pé díẹ̀ ni tọkọtìyàwó wà nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé àbúrò ìyàwó ló wà ńbẹ̀, tó kúnlẹ̀ sẹ́yìn aṣọ, tó fi eyín di abẹ́rẹ́ mú, tí òwú ń fì lẹ́nu rẹ̀, tó ń wo etí aṣọ tó tú nígbà tó yẹ kí wọ́n ti jáde. Ó lè jẹ́ bàbá ọkọ tó kọjú sí ògiri kí wọ́n má bàa rí omijé rẹ̀. Tó bá jẹ́ irú ìyẹn ló pọ̀, a jẹ́ pé àwọn tó yí tọkọtìyàwó ká ni ojú yín ń wá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbólóhùn kan, lọ́rọ̀ tí ẹ lè sọ fún ìyá ìyàwó kó sì yé e. "A máa ń ya ojú àwọn tó wá bá yín yọ̀" nítumọ̀. "A máa ń sọ ìtàn ìfẹ́ yín lọ́nà àrà ọ̀tọ̀" kò nítumọ̀ kankan, gbogbo wa la ń sọ ọ́.

Gbólóhùn yẹn ló máa pàṣẹ fún ìyókù. Ẹni tó fẹ́ kí èèyàn àti ibi tí wọ́n wà jọ hàn, lẹ́ǹsì 35mm ló máa wà lára kámẹ́rà rẹ̀ jù, á sì ní láti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn súnmọ́ wọn. Ẹni tí ojú kan ṣoṣo ń wù, tó fẹ́ kí gbogbo ẹ̀yìn di kùrukùru, 85mm ni tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń jẹ́ ẹ̀jẹ́, tí gbogbo kámẹ́rà kọjú sí tọkọtìyàwó, ọ̀kan nínú yín á kẹ̀yìn sí wọn, á kọjú sí àwọn tó jókòó níwájú. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú ìyá tó ń gbọ́ ẹ̀jẹ́ ọmọ rẹ̀ kì í pẹ́ rárá kó tó yí padà.

Wo Seydou Keïta. Ní Bamako, lórílẹ̀-èdè Mali, ló ṣí ilé iṣẹ́ fọ́tò rẹ̀ ní 1948. Aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tó ní wajawaja létí ló kọ́kọ́ ta sẹ́yìn àwọn tó ń yà. Bí ọdún méjì sí mẹ́ta bá kọjá, á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, aṣọ ẹ̀yìn yìí ló sì ń wò nígbà tó dàgbà kó tó lè mọ àsìkò tó ya fọ́tò kan. Ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ló ń lò jù. Aṣọ olódòdó wà lẹ́yìn, aṣọ olódòdó wà lára ẹni tó jókòó, ojú nìkan ló dúró jẹ́ẹ́ láàárín. Ẹni tó bá ti rí mẹ́ta nínú wọn, á dá ẹ̀kẹrin mọ̀.

Ìlú kan náà ni Malick Sidibé ti ṣiṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ ló ń gùn lọ sóde ijó àwọn ọ̀dọ́ lóru, pẹ̀lú kámẹ́rà àti fláàṣì. Á fọ fíìmù, á lẹ fọ́tò kéékèèké síta ilé iṣẹ́ rẹ̀, kí àwọn tó wà lóde ijó náà lè wá yan tiwọn. (Ẹ wo bó ṣe polówó ara rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀.) Ijó, òógùn, ẹsẹ̀ tó fò kúrò nílẹ̀: ti Sidibé nìyẹn. Ó gba Hasselblad, ẹ̀bùn ńlá àwọn ayàfọ́tò, ní 2003, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà níbi àfihàn iṣẹ́ ọnà Venice ní 2007. Ìlú kan náà, àwọn èèyàn kan náà, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa ṣi iṣẹ́ ọ̀kan mú fún ti ìkejì. Kì í ṣe kámẹ́rà ló fà á.

Henri Cartier-Bresson, ará Faransé, lẹ́ǹsì 50mm ló fi ya èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin náà lè dán irú rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ẹ má fi gbogbo ìgbéyàwó ọmọ ọlọ́mọ kọ́ṣẹ́. Ẹ mú wákàtí tí kò léwu, bí ìgbà tí wọ́n ń múra, kí ẹ fi lẹ́ǹsì kan ṣoṣo tí kì í súùmù yà á. Ẹ ó rí i pé ẹsẹ̀ yín á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Ní ti ọpọlọ tó gbẹ, ẹ dín fọ́tò ìgbéyàwó tí ẹ ń wò kù. Irú ohun tí o bá tẹ̀ lánàá ni Instagram máa gbé wá bá ọ lónìí. Bó o bá ń jí, tó ò ń wo ọkọ àti ìyàwó tó gbé iwájú orí lé ara wọn lábẹ́ oòrùn ìrọ̀lẹ́, ohun tí wàá ní kí àwọn tìẹ náà ṣe nìyẹn lọ́jọ́ Sátidé.

Àwòrán àwọn tó ń fi ọ̀dà yàwòrán ni màá ní kó o lọ wò. Johannes Vermeer, ará Netherlands tó kú ní 1675, bí àpẹẹrẹ. Nínú púpọ̀ nínú àwòrán rẹ̀, fèrèsé wà lápá òsì, ìmọ́lẹ̀ á gba ibẹ̀ wọlé, á kan ojú, á kan ọwọ́, á sì rọ̀ wọ̀ọ̀ kó tó dé ògiri kejì. Wàá wá gbé ìyẹn lọ sí yàrá ìmúra. Ìyàwó jókòó síwájú dígí, fèrèsé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gílóòbù sì ń tàn lókè orí. Kelvin (K) la fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀: ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ wà ní nǹkan bíi 5600K, gílóòbù aláwọ̀ yẹ́lò wà ní nǹkan bíi 2700K sí 3000K. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan á pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, ìkejì á máa ta búlúù. Kò sí preset tó lè tún un ṣe, torí bó ṣe ń mú ọ̀kan bọ̀ sípò ló ń ba ìkejì jẹ́. Tọrọ gáfárà, pa iná òkè, ní kó yí àga rẹ̀ díẹ̀ sí fèrèsé. Bí ẹ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo tí ẹ bá lọ, kò ní pẹ́ tí àwọn èèyàn á fi máa sọ pé fọ́tò ìmúra yín yàtọ̀, láìmọ ohun tí ẹ ṣe sí i.

Orísun ìmísí kejì ni tọkọtìyàwó fúnra wọn, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. Ẹ má bi wọ́n léèrè irú fọ́tò tí wọ́n fẹ́. Ohun tí wọ́n rí lórí fóònù ni wọ́n máa fi hàn yín. Ẹ bi wọ́n pé: ohùn ta ni ẹ máa fẹ́ gbọ́ lógún ọdún sí àkókò yìí? Ta ló rìn jìnnà jù kó tó dé? Ta ni ẹ bá fẹ́ kó wà ńbẹ̀ tí kò sí mọ́? Ìdáhùn ìbéèrè ìkẹta yìí nìkan lè fún yín ní odindi fídíò.

Fídíò gan-an, ohùn ni kẹ́ ẹ gbájú mọ́. Ohun tó jẹ́ kí fídíò ìgbéyàwó jọra ni pé gbogbo rẹ̀ ń rìn jẹ́jẹ́ lábẹ́ orin kan. Bó o bá fi fírémù (àwòrán) 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yà á, tó o wá gbé e jáde ní 25, ìdajì ìyára rẹ̀ ló máa fi rìn. Ó dùn ún wò fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, oorun ló ń fà. Ẹ fi máìkì kékeré sí kọ́là ọkọ ìyàwó, kí ẹ fi òmíràn síbi tí àwọn òbí ti máa sọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ẹ́díìtì, ẹ to ohùn náà pọ̀ ná, bí ẹni ń ṣe ètò rédíò, kí ẹ tó fa àwòrán kan sórí rẹ̀. Ohùn bàbá tó ṣẹ́ sí i lọ́nà ọ̀fun níbi tó ti ń dárúkọ ọmọ rẹ̀, kò sí ẹlòmíì tó ní i. Orin olókìkí ńkọ́? YouTube máa ń dá orin mọ̀ fúnra rẹ̀, ó sì lè dènà fídíò yín tàbí kó darí owó rẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tó ni orin. Ẹ ra àṣẹ ìlò, tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kí ohùn èèyàn ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ ojú ìwé yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Ẹ yọ gbogbo ohun tí ẹ ò fẹ́ kí wọ́n tún pè yín fún, kódà bó dára. Oníbàárà máa ń ra ohun tó bá rí. Ẹ gbé ìgbéyàwó kan síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí ẹni tó máa sanwó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè ya gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ kò dára. Kí àṣẹ láti gbé fọ́tò wọn síta wà nínú ìwé àdéhùn. Tí ẹ bá kó àwọn èèyàn jọ ya fọ́tò àfiṣeré, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń gbé fọ́tò jáde fún íntánẹ́ẹ̀tì, sRGB ni kẹ́ ẹ yàn níbi ètò àwọ̀. Adobe RGB, ètò àwọ̀ míì, lè ṣú lójú fóònù kan, àwọ̀ tí ẹ fi òru ṣe á kàn di eérú. Orúkọ iṣẹ́ yín kò gbọ́dọ̀ yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíì, kó sì jẹ́ èyí tí èèyàn lè pè lórí fóònù láìtún un pè lẹ́ẹ̀mẹta. Lógò tó bá hàn nínú òbìrìkìtì kékeré lórí WhatsApp ti tó. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ sójú ìyàwó.

Àwọn kan á ṣì máa bèèrè iye owó kí wọ́n tó kí yín. Ẹ dá wọn lóhùn tìfẹ́tìfẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n máa lọ bí kò bá wọ̀.

Ohun kan kù tí o kò bèèrè. Ó ṣeé ṣe kí ọgbọ̀n fọ́tò tí o mú yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí ẹnì kejì rẹ mú. Ẹ má fipá pa á pọ̀. Bí ìwọ bá fẹ́ràn ọwọ́ àti ojú, tí òun sì fẹ́ràn gbọ̀ngàn látòkèrè, ẹ pín in bẹ́ẹ̀: kí ẹnì kan máa súnmọ́, kí ẹnì kan máa jìnnà, kí fọ́tò àti fídíò jọ tẹ̀ lé ètò náà. Ẹ kọ ẹni tó máa dúró níbi kọ̀ọ̀kan sínú ètò ọjọ́ náà kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ má bàa tún bá ara yín lẹ́yìn èjìká kan náà nígbà tí wọ́n bá ń fi òrùka síka.