Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń sọ Táíwò di Kẹ́hìndé

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ ní láti ìgbà tẹ́ ẹ ti kó káàdì aláìsàn kúrò nínú páálí sínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ti da fáìlì Táíwò àti Kẹ́hìndé pọ̀, èsì ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan wá ń jáde lórúkọ èkejì. Ẹ wá ń bèèrè bóyá kẹ́ ẹ padà sí páálí. Ẹ má padà. Orúkọ bàbá, ọjọ́ ìbí, ọkùnrin tàbí obìnrin, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù ni irú ètò bẹ́ẹ̀ máa ń wò kó tó sọ pé ẹnì kan náà ló ni fáìlì méjì. Ìbejì tí wọ́n jọ jẹ́ obìnrin bára mu nínú gbogbo ẹ̀. Ó jọ pé ìbejì ò pọ̀ níbi tí wọ́n ti kọ ètò yẹn.

Lónìí, ẹ pa á láṣẹ fún ẹ̀rọ pé kó má da fáìlì pọ̀ fúnra ẹ̀ mọ́. Kó máa fura, kó máa tọ́ka. Èèyàn ni kó pinnu, pẹ̀lú káàdì méjèèjì níwájú ẹ̀. Nínú OpenMRS, ètò ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn nílẹ̀ Áfíríkà ń lò, fáìlì tẹ́ ẹ bá ti dà pọ̀ kò ṣeé tú mọ́, torí náà ẹ ṣe ẹ̀dà kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì yẹn. Kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fi àyè kan kún káàdì: ṣé ìbejì ni, kí sì ni nọ́ńbà káàdì èkejì ẹ̀.

Èyí tó ti dàrú ńkọ́? Ẹ tẹ gbogbo ẹ̀ jáde sórí ìwé, kẹ́ ẹ gbé rẹ́gísítà láàbù síwájú. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ìgò ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ. Òun lẹ ó fi pín èsì padà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ irú ẹ̀jẹ̀ àti jẹ́nótáìpù, ẹ tún un yẹ̀ wò fáwọn méjèèjì. Ìbejì tí kò ti inú ẹyin kan wá lè ní irú ẹ̀jẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ tí kò bára mu sì lè pa èèyàn.

Nọ́ńbà káàdì ló yẹ kẹ́ ẹ máa fi ṣí fáìlì, kì í ṣe orúkọ. Ṣùgbọ́n 48213 lásán ò tó: akọ̀wé tó ń kánjú á tẹ 84213, fáìlì ẹlòmíì á ṣí, kò sì ní fura. Ẹ fi nọ́ńbà ìdánwò kún ìdí ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà kan tí kọ̀ǹpútà á fi mọ̀ bóyá wọ́n ṣì í tẹ̀. Láti ọwọ́ ọ̀tún, ẹ sọ nọ́ńbà àkọ́kọ́ di ìlọ́po méjì, ẹ fi èkejì sílẹ̀, ẹ sọ ẹ̀kẹta di ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ; èyí tó bá ju 9 lọ, ẹ yọ 9 kúrò níbẹ̀. 48213 á di 8, 8, 4, 1, 6. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 27, ó ku 3 kó pé 30, iye tó kàn tí òdo gbẹ̀yìn ẹ̀, nọ́ńbà káàdì á wá di 482133. Ẹni tó bá tẹ 842133, kọ̀ǹpútà á kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, torí 8 ló yẹ kó gbẹ̀yìn ìyẹn. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà méjì tó tẹ̀ léra ni wọ́n gbé pààrọ̀, 09 tó di 90 tàbí 90 tó di 09 nìkan ló lè yọ́ kọjá. OpenMRS ní tiẹ̀ tó ń lo lẹ́tà pẹ̀lú, wọ́n sì ti yọ B, I, O, Q, S àti Z kúrò torí wọ́n ń jọ nọ́ńbà.

Orúkọ náà ní wàhálà tiẹ̀. Ẹ́ inú Kẹ́hìndé, ọ̀nà méjì ni kíbọọ̀dù lè gbà kọ ọ́: ẹ tó gba àmì sí orí, tàbí é tó gba àmì sí ìsàlẹ̀. Lójú wa, wọn ò yàtọ̀; lójú kọ̀ǹpútà, orúkọ méjì ni. Akọ̀wé á wá a, kò ní rí i, á bá ṣí káàdì tuntun. Ẹ ní kí oníṣẹ́ ẹ̀rọ yín sọ gbogbo orúkọ di NFC, ìlànà tó ń sọ irú ọ̀nà méjì bẹ́ẹ̀ di ẹyọ kan, kó tó wọlé, kó sì ṣe àyè kejì tí kò lámì fún ìwákiri nìkan. Ibẹ̀ lẹ máa fi Kenny sí.

Ẹ wo òṣùwọ̀n ọmọdé náà. Bó bá ń fi pọ́n-ùn kà á, tí kọ̀ǹpútà ń retí kílò, ọmọ kílò 10 á wọlé bíi 22. Ètò tó ń ṣírò parasitámọ̀ ní 15 mg fún kílò kan á wá pe 330 mg dípò 150.

Ní ti ẹ̀dà, fúláàṣì tí kì í kúrò lára kọ̀ǹpútà ò ṣeé gbára lé. WannaCry, fáírọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà tó dá iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba (NHS) dúró ní England ní May 2017, ó ń ti fáìlì orí ohun tó bá so mọ́ ẹ̀rọ náà pa. Ẹ ra méjì, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ wọn nírọ̀lẹ́, kí èyí tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ wà nínú dúrọ́ọ̀ tí wọ́n tì. Lóṣooṣù, ẹ dá ẹ̀dà náà padà sórí láptọ́ọ̀pù mìíràn, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà káàdì ṣí fáìlì mẹ́ta níbẹ̀, kí ọ̀kan jẹ́ ti Táíwò.