Ṣé a lè fi èròjà inú ewéko ṣe liquid crystal tí ìdè háídírójìn so pọ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe. Liquid crystal jẹ́ ohun tó ń ṣàn bí omi, síbẹ̀ tí àwọn mólíkù rẹ̀ ṣì kọjú sí ọ̀nà kan náà. Mólíkù tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èròjà ewéko kò gùn tó, ibẹ̀ ni ìdè háídírójìn ti wúlò, ìyẹn bí háídírójìn inú mólíkù kan ṣe ń fa mólíkù mìíràn mọ́ra.

Ẹ wo kencur, ẹbí atalẹ̀ tí wọ́n ń gbìn ní Indonéṣíà. Èròjà kan wà nínú òróró rẹ̀ tó ń jẹ́ ethyl p-methoxycinnamate. Tí wọ́n bá sè é pẹ̀lú kọ́sítíìkì sódà, tí wọ́n wá fi ásíìdì sí i, p-methoxycinnamic acid yóò ya sọ́tọ̀ bí ìyẹ̀fun funfun. Ohun tó wú mi lórí jù nìyí: mólíkù méjì á dorí kọra, ìdè háídírójìn méjì á dè wọ́n pọ̀, wọ́n á di ọ̀pá gígùn kan ṣoṣo. Ní nǹkan bí 173°C, ó máa ń yọ́, á ṣú bí omi ògì; nítòsí 190°C, á mọ́ gaara. Àárín méjèèjì ló ti jẹ́ liquid crystal.

Kò pọn dandan kí mólíkù méjèèjì jọra. Lọ́dún 1989, Takashi Kato àti Jean Fréchet so ásíìdì mọ́ mólíkù mìíràn tó ní pyridine lára, ìyẹn òrùka átọ́ọ̀mù tó ní náítírójìn nínú, tí ìdè háídírójìn lè dì mú. Irú ọgbọ́n yìí kan náà ni wọ́n ti lò fún resveratrol, èyí tó wà lára èèpo èso àjàrà.